Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Rólà Kósítà Tó Jọ Ti Gidi Nínú Géèmù Páàkì

Tẹ́ ẹ bá wo ọ̀pọ̀ rólà kósítà, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré lọ sókè sódò lórí irin, táwọn èèyàn ń kọ́ nínú géèmù bíi Planet Coaster tàbí RollerCoaster Tycoon, ó máa ń rẹwà lójú o, àmọ́ ẹni tó bá mọ kósítà dáadáa á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irú ẹ̀ ò lè sí láyé, torí pé ẹni tó kọ́ ọ ti kọ́kọ́ tẹ́ ojú irin bó ṣe wù ú, lúùpù (ibi tí ojú irin ti yí po tí orí èèyàn á fi kọ sísàlẹ̀) níbí, kọ́nà lọ́hùn-ún, òkè mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba, ó wá gbé ọkọ̀ lé e lórí pé kó máa bá a lọ. Àwọn tó ń ṣe ti gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eré tí ọkọ̀ ń sá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, eré yẹn ló máa sọ bí kọ́nà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, òun náà ló máa sọ bí orí òkè ṣe gbọ́dọ̀ rí àti ibi tí ojú irin ti gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe níbí nìyẹn, ká jẹ́ kí eré máa darí ojú irin, kò sì le rárá, ìṣirò kékeré kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀, fóònù yín tó o ṣe.

Géèmù yòówù kẹ́ ẹ máa gbá, ọ̀nà yìí á bá a mu. RollerCoaster Tycoon àkọ́kọ́ tí Chris Sawyer ṣe lọ́dún 1999 àti èkejì ẹ̀ tó jáde ní 2002, wọ́n ti gé ojú irin sí wẹ́wẹ́ fún yín, ẹ kàn ń tò ó ni, ẹ ò lè yan bí kọ́nà ṣe máa fẹ̀ ju èyí tí wọ́n bá gbé síwájú yín lọ. Planet Coaster tó jáde ní 2016 ní tiẹ̀ gbà yín láyè kẹ́ ẹ tẹ ojú irin bó ṣe wù yín, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì pọ̀ sí, torí kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró tẹ́ ẹ bá ń ṣe ohun tó máa ṣẹ́ èèyàn lọ́rùn. NoLimits 2 ò ní iṣẹ́ bíbójú tó páàkì tàbí owó nínú, kósítà nìkan ló wà fún, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dójú àmì ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Ìlà agbára

Kósítà tó ń fi ṣéènì gòkè ò ní ẹ́ńjìnnì kankan lára ọkọ̀ ẹ̀. Ṣéènì á fà á dókè, á jù ú sílẹ̀, láti ìgbà yẹn lọ títí tó fi máa dé bíréèkì ìparí, gíga tó ní lókè yẹn nìkan ni gbogbo ohun tó ní. Torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ́ ojú irin kankan lẹ́yìn òkè àkọ́kọ́, ẹ fojú inú wo ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti téńté òkè yẹn, tó wá nà gbalaja kọjá lórí gbogbo ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Ìlà agbára lèmi máa ń pè é. Ọkọ̀ ò lè ga kọjá ibẹ̀ mọ́ láéláé, àti pé bó bá ṣe jìn sísàlẹ̀ ìlà yìí tó ló ṣe máa sáré tó. Tó bá fi mítà 20 wà nísàlẹ̀ ìlà, eré ẹ̀ á tó kìlómítà 71 láàárín wákàtí kan, tó bá jẹ́ mítà 40, kìlómítà 101, tó bá jẹ́ mítà 80, kìlómítà 143. Ẹ kíyè sí i pé kí eré tó lè di ìlọ́po méjì, gíga ní láti di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni ò jẹ́ kó bọ́gbọ́n mu kéèyàn kàn máa gbé òkè àkọ́kọ́ ga sí i nítorí pé ó fẹ́ eré.

Ẹ jẹ́ ká fi ti gidi yẹ̀ ẹ́ wò. Millennium Force tó wà ní Cedar Point ní Ohio, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, ibi tó ti já wálẹ̀ jẹ́ bíi mítà 91. Ìṣirò tí ò ka afẹ́fẹ́ sí sọ pé ó yẹ kó sá eré kìlómítà 152 nísàlẹ̀ ibẹ̀, eré tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un jẹ́ nǹkan bíi 150. Ó sún mọ́ra gan-an. Tí kósítà tẹ́ ẹ kọ́ nínú géèmù bá já wálẹ̀ láti mítà 40, tó wá ń sá eré 130 nísàlẹ̀, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ti ń tì í nìyẹn, ẹ lọ wo bóyá ṣéènì yín ló yára jù tó fi ń ti ọkọ̀ lórí òkè. Ṣéènì gidi kì í yára, ńṣe ló máa ń rọra fà á, ọ̀pọ̀ ló wà láàárín mítà 2 sí 3 láàárín sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan.

Ìlà yẹn ò dúró gbọnrangandan ṣá o, ó ń rọra dà sísàlẹ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, torí pé táyà àti afẹ́fẹ́ ń jẹ nínú agbára ẹ̀. Èmi máa ń fojú bu mítà 2 kúrò fún gbogbo mítà 100 ojú irin, géèmù tẹ́ ẹ ń lò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín, ẹ fi ojú irin gbọọrọ kan tó lọ sókè sódò dán an wò, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọkọ̀ á ti tiraka dé. Ìdà-sísàlẹ̀ yìí ló ń mú kí àwọn òkè kósítà gidi máa kéré sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, tí kọ́nà náà á sì máa há sí i bó bá ṣe ń sún mọ́ ìparí. Tí mo bá rí kósítà tí òkè kẹrin ẹ̀ ga bí èkejì, mi ò ní wo ìyókù.

Ìṣirò kan tó wà fún gbogbo ẹ̀

Òun rèé. Ẹ wọn bí ojú irin ṣe jìn tó sí ìlà agbára, ẹ pe ìyẹn ní h. Ẹ wọn rédíọ́ọ̀sì ibi tí ojú irin ti tẹ̀, ìyẹn ni pé tí títẹ̀ yẹn bá yí po di òbìrìkìtì, báwo ni àárín ẹ̀ ṣe máa jìn sí etí ẹ̀, ẹ pe ìyẹn ní r. Ẹ wá fi 2 sọ h di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí r. Ó parí, 2h/r, àtìsàlẹ̀ àtòkè àti kọ́nà, òun la máa lò.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ jù. Níbẹ̀, ẹ fi 1 kún 2h/r, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni iye g tó máa tẹ èèyàn mọ́ ìjókòó. 1 g ni ìwúwo ara yín bẹ́ ẹ ṣe jókòó jẹ́ẹ́ yìí, 4 g túmọ̀ sí pé orí yín, apá yín, gbogbo ẹ̀ ti wúwo nígbà mẹ́rin. Ká ní òkè àkọ́kọ́ yín jẹ́ mítà 40, ojú irin sì já dé mítà 2 sí ilẹ̀, h jẹ́ 38 nìyẹn. Ẹni tó kàn ń fi ojú ya á lè tẹ̀ ẹ́ sí rédíọ́ọ̀sì mítà 15, lójú kò burú, àmọ́ ẹ ṣe é wò: 76 pín sí 15 jẹ́ 5.07, ẹ fi 1 kún un, ó ju 6 g lọ. Ojú èèyàn á ṣókùnkùn níbẹ̀. Àwọn tó ń ya kósítà gidi kì í sábà jẹ́ kó kọjá 5 g, tó bá sì ti tó 4 g wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá wá sọ rédíọ́ọ̀sì yẹn di mítà 27, ó di 3.8 g, èyí dáa, ó lágbára, èèyàn á mọ̀ pé òun ti já wálẹ̀, kò sì ní pa á lára.

Ẹ lè bi mí pé báwo lẹ ṣe máa mọ rédíọ́ọ̀sì nígbà tí géèmù ò kọ ọ́ síbẹ̀. Tí géèmù yín bá ń fi gígùn ojú irin àti iye dígírì tó fi tẹ̀ hàn, ẹ fi 57.3 sọ gígùn di púpọ̀, ẹ pín in sí dígírì. Ojú irin mítà 4 tó tẹ̀ ní dígírì 8 àtààbọ̀, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ mítà 27, òun gan-an la ń wá yẹn. Tó bá tẹ̀ ní dígírì 15, ó ti di mítà 15, ẹ ti padà sí 6 g.

Orí òkè wá, ibẹ̀ lèmi fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń fò kúrò lórí ìjókòó. Lórí òkè, dípò kẹ́ ẹ fi 1 kún un, inú 1 lẹ ti máa yọ 2h/r kúrò. Ká ní òkè kejì yín ga ní mítà 30, ìlà agbára sì ti wálẹ̀ dé mítà 38, h jẹ́ 8. Tí rédíọ́ọ̀sì orí òkè bá jẹ́ mítà 16, ó di òdo, ẹni tó jókòó ò ní wúwo rárá, á kàn léfòó ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di mítà 12, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo díẹ̀, ìgbáyà ló máa gbá a mú, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di mítà 8, ó di 1 g lódìkejì, ìyẹn ni pé bó ṣe ń tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ń ti irin ìgbáyà sókè báyìí. Kósítà onígi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ilé iṣẹ́ RMC (Rocky Mountain Construction) ń ṣe náà kì í ṣeré níbẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe é lórí gbogbo òkè, ẹ jẹ́ kí kan léfòó, kí òmíràn jáni sókè. Ẹ tún rántí pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń kúrò lórí òkè, h ń pọ̀ sí i, nítorí náà r náà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i, òkè gidi máa ń tẹ̀ jù ní téńté ẹ̀, á wá máa nà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Òkè tó rí bí ìdajì òbìrìkìtì kì í ṣe òkè kósítà.

Kọ́nà ńkọ́? 2h/r yẹn náà ló máa sọ bí ojú irin ṣe gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ tó kí nǹkan kan má baà ti èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Tó bá jẹ́ 0.6, ẹ dẹ̀ ẹ́ ní dígírì 30, tó bá jẹ́ 1, dígírì 45, 1.7 jẹ́ dígírì 60, 2.7 jẹ́ dígírì 70. Ká ní kọ́nà yín wà ní mítà 14, ìlà agbára wà ní mítà 37, h jẹ́ 23, ẹ sì fẹ́ kí kọ́nà yẹn ní rédíọ́ọ̀sì mítà 27, ó di 46 pín sí 27, ìyẹn 1.7, dígírì 60 ló yẹ ẹ́, 2 g ni èèyàn á sì máa gbọ́ lára níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é ní dígírì 30 pẹ̀lú eré yẹn, èjìká àlejò á máa gbá ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ohun tí géèmù ń pè ní lateral á sì fò sókè. Àwọn kósítà onírin àtijọ́ máa ń ní in díẹ̀, tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ́ irú ti àwọn ọdún 1970 kò burú, àmọ́ fún kósítà òde òní, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, kó má ṣáà kọjá 1 g.

Lúùpù

Lúùpù òbìrìkìtì ni àṣìṣe tó pọ̀ jù, ó sì ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1895 ní Coney Island, wọ́n kọ́ ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Flip Flap Railway, òbìrìkìtì gidi ni wọ́n ṣe lúùpù ẹ̀, ó sì máa ń dun àwọn tó ń gùn ún lọ́rùn gan-an. Ìṣirò wa lè sọ ohun tó fà á: nínú lúùpù tó jẹ́ òbìrìkìtì pátápátá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín g ìsàlẹ̀ àti g òkè jẹ́ 6, bó ti wù kó tóbi tàbí kó kéré tó. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá lókè láìjẹ́ pé èèyàn ń rọ̀ dirodiro, ìsàlẹ̀ ti dé 6 g tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Kò sọ́nà àbáyọ àyàfi tẹ́ ẹ bá yí bó ṣe rí padà.

Wọ́n yí i padà lóòótọ́. Lọ́dún 1976 ní Magic Mountain ní California, àwọn ará Jámánì méjì, Anton Schwarzkopf àti Werner Stengel, ṣe Revolution, lúùpù ẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ ó sì há lókè, bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ kán. Látìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú òkè mítà 40 wa. Níbi tí lúùpù ti bẹ̀rẹ̀, mítà 2 sí ilẹ̀, ẹ lo rédíọ́ọ̀sì mítà 27, 3.8 g bíi ti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí òkè lúùpù wà ní mítà 30, h ibẹ̀ jẹ́ 10, ẹ wá fún un ní rédíọ́ọ̀sì mítà 9. Lókè lúùpù ẹ yọ 1 kúrò nínú 2h/r torí pé orí èèyàn ló kọ sísàlẹ̀: 20 pín sí 9 jẹ́ 2.2, yọ 1, ó ku 1.2 g. Èèyàn á jókòó pa níbẹ̀ bí ẹni pé kò dojú dé. Láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, ẹ jẹ́ kí rédíọ́ọ̀sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti 27 dé 9, kó má já lójijì. Nínú RollerCoaster Tycoon wọ́n ti ya lúùpù sílẹ̀ fún yín, ohun tó kù yín kù ni kẹ́ ẹ gbé e síbi tí eré ti bá a mu, ẹ má gbé lúùpù kékeré sí ìdí òkè tó ga ju ọ̀run lọ.

Àwọn àyípo yòókù, corkscrew, zero-g roll, Immelmann, ọgbọ́n kan náà ni, mi ò ní tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ẹ sáà wo h níbi tó ga jù lára ẹ̀, kẹ́ ẹ bi ara yín pé ṣé ọkọ̀ á yára kọjá níbẹ̀ jù tàbí á fà jù.

Tó bá jẹ́ launch ńkọ́

Kósítà tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì tàbí haidirọ́líìkì ta síwájú ò ní òkè àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ ní láti wá ibi tí ìlà agbára ẹ̀ wà fúnra yín. Ẹ mú eré ẹ̀ ní mítà láàárín sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, ẹ fi eré náà sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ pín in sí 19.6. Kìlómítà 108 láàárín wákàtí jẹ́ mítà 30 láàárín sẹ́kọ́ọ̀ǹdù, 900 pín sí 19.6 jẹ́ bíi 46, ìlà agbára yín wà ní mítà 46 sókè ibi tí wọ́n ti ta á. Ẹ wo Kingda Ka tó wà ní New Jersey láti 2005 kí wọ́n tó wó o lọ́dún 2025, kìlómítà 206 ni wọ́n máa ń ta á, ìṣirò sọ pé ó yẹ kó lè dé mítà 167, àmọ́ mítà 139 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ ẹ̀ mọ. Ìyókù yẹn wà fún afẹ́fẹ́, fún táyà, àti fún eré díẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lórí ṣóńṣó. Bẹ́ẹ̀ náà, nígbà míì kì í lè kọjá, á yọ̀ padà wá sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ irú ẹ̀ nínú géèmù, ẹ fi àyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bíréèkì sójú ọ̀nà tó lè gba ọkọ̀ tó bá padà.

Bí ojú irin ṣe ń yí

Nọ́ńbà lè péye kí ojú irin ṣì máa gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá wo ojú irin láti ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ rí i pé ó ń ṣe wúruwùru, ó tẹ̀, ó nà, ó tún tẹ̀, g á máa fò sókè sódò lọ́nà tí ò sí lára kósítà gidi. Irinṣẹ́ smooth inú Planet Coaster máa ń tún un ṣe, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́, torí ó lè ba rédíọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣírò jẹ́, ẹ fi ṣe ibi kékeré kékeré, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ẹ̀.

Dídẹ̀gbẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó ti máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ojú irin ṣe ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí méjèèjì jọ dé òpin wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá dẹ̀ ẹ́ tán kó tó tẹ̀, èèyàn á ṣubú sínú, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó tó dẹ̀, á gbá a síta. Ohun míì tó tún ṣe pàtàkì ni pé ara èèyàn ni kẹ́ ẹ máa yí, kì í ṣe irin. Tí ojú irin bá yí lórí ara ẹ̀, orí ẹni tó jókòó, tó wà lókè irin, á jù fììkà sápá òsì sápá ọ̀tún. Kósítà òde òní máa ń jẹ́ kí àyà èèyàn lọ tààrà kí irin wá máa yí po ó, ìyẹn ni heartline, NoLimits 2 ní ètò ẹ̀ nínú. Nínú géèmù tí ò bá ní in, ẹ rọra gbé irin síta díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń dẹ̀ ẹ́ sínú, kẹ́ ẹ wá jókòó nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú yín ń lọ tààrà.

Ilẹ̀, bíréèkì, òpó

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un. Ní Alton Towers ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àyè láti kọ́ nǹkan tó ga ju igi lọ, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Nemesis tó ṣí lọ́dún 1994, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, ojú irin wá ń wọ́ lọ láàárín àpáta. Nínú géèmù, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ kòtò mítà 10, ẹ ti rí mítà 10 sí i fún h láìfi kún gíga òkè, ojú irin tó sún mọ́ ilẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí eré dà bí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò ọkọ̀. Kósítà tó ní ju ọkọ̀ kan lọ, wọ́n máa ń pín ojú irin ẹ̀ sí abala, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ abala kan títí èyí tó wà níbẹ̀ á fi jáde, gbogbo abala sì gbọ́dọ̀ parí síbi tí wọ́n ti lè dá ọkọ̀ dúró: ibùdó, òkè ṣéènì, bíréèkì àárín, bíréèkì ìparí. Mẹ́rin nìyẹn, ọkọ̀ mẹ́ta ló lè gbà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni pé tí ọkọ̀ bá dúró pátápátá lórí bíréèkì àárín, ìlà agbára tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìyẹn, ti tẹ́lẹ̀ ti parí. Bí bíréèkì yẹn bá wà ní mítà 18, gbogbo ohun tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ mítà 18, kó sì dín sí i dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á há sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ẹ dán an wò nínú géèmù: ẹ dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á délé.

Ibi tí g bá ti pọ̀ ni òpó gbọ́dọ̀ pọ̀, ìsàlẹ̀ òkè àkọ́kọ́ àti ìdí lúùpù, lórí òkè tí èèyàn ti ń léfòó, díẹ̀ tó. Òpó tí géèmù ń gbé síbẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í mọ ìyẹn, dọ́gbadọ́gba ló máa ń tò wọ́n, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní sùúrù ẹ pa á, kẹ́ ẹ ri tiyín. Irin tí ilé iṣẹ́ B&M ń ṣe, tó ní egungun ẹ̀yìn onígun mẹ́rin, lè nà jìnnà kó tó nílò òpó míì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì àti bíréèkì káwọn òṣìṣẹ́ lè rìn débẹ̀, ẹ sì fi yàrá kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ sí. Kẹ́ ẹ sì rí i pé apá ẹni tó bá na ọwọ́ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò lè kan òpó tàbí ojú irin míì, ẹ má pa collision (ètò tí kì í jẹ́ kí ojú irin gba inú nǹkan míì kọjá) nínú géèmù torí àtilè gba ibi há kọjá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, ẹ má jókòó síwájú nìkan. Ọkọ̀ gígùn, àárín ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ìṣirò wa, iwájú á ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ̀yìn sì ni wọ́n máa ń já gbà lórí òkè, g ibẹ̀ máa ń le ju ti àárín lọ. Ẹ gùn ún níwájú, kẹ́ ẹ gùn ún lẹ́yìn, tí ẹ̀yìn bá ń jáni jù, ẹ fẹ orí òkè yẹn díẹ̀. Nínú RollerCoaster Tycoon ẹ wo intensity (bí kósítà ṣe le tó fún ẹni tó ń gùn ún), tó bá ti kọjá 10, ọ̀pọ̀ àlejò ò ní wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣí gíráàfù g kẹ́ ẹ wá ibi tó ti yọ ṣóńṣó lójijì. Nínú Planet Coaster àwọ̀ tó wà lórí ojú irin lẹ́yìn àyẹ̀wò á fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹ wá wo eré tí ọkọ̀ fi wọ bíréèkì ìparí: tó bá ṣì ń sá eré kìlómítà 70, agbára ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ ò lò, ẹ ṣì lè fi kọ́nà háháhá kan tàbí òkè kékeré méjì kún un kó tó délé, tó bá sì jẹ́ pé ó ń rá pálá débẹ̀, ẹ yọ òkè kan kúrò, tàbí kẹ́ ẹ gé ojú irin kúrú, kẹ́ ẹ tún un gùn.